Omi Ni Ọ̀tá Ilé: Ọ̀rọ̀ lórí Kíkọ́, Rírà àti Títọ́jú Ilé Gbígbé

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe onímọ̀ èdè. Nígbà tí Ẹ̀ka yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè fún, pé kí n sọ ọ́ ní èdè tí onílé àti bíríkìlà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Mo gbà pé ohun tí ó tọ́ ni wọ́n béèrè. Ìwé àdéhùn lè jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán ilé lè jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni a fi ń pàṣẹ pé kí wọ́n tún bu omi sí kọ̀ǹkéré, èdè Yorùbá náà ni a sì fi ń sunkún nígbà tí àjà bá jìn.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Mo fẹ́ kí á gbọ́ òwe yìí lónìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ onímọ̀ iṣẹ́ ilé. Ohun méjì ni ó sọ. Èkíní ni pé omi kì í sinmi. Èkejì ni pé ìwà onílé ni ó ń dá ilé sí, kì í ṣe líle ògiri nìkan. Àwọn baba wa tí wọ́n gbé inú ilé alámọ̀ mọ èyí dájú. Wọ́n mọ̀ pé ilé a máa kú bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Àwa tí a ń gbé inú ilé sìmẹ́ńtì ni a rò pé àpáta ni a kọ́, pé bí a bá ti ṣílé tán, tí a jẹ, tí a mu, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Èrò yìí ni ó ń ba ilé wa jẹ́. Òun náà ni ó ń mú kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilé máa wo ọ̀dà àti ilẹ̀kùn, nígbà tí ó yẹ kí ó máa wo ẹsẹ̀ ògiri àti etí òrùlé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilé alámọ̀ náà. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè yóò ti kíyè sí i pé mímọ ni a ń mọ ògiri amọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, ewu kan náà ni ó sì wà nínú méjèèjì: omi lè tú wọn padà di ẹrẹ̀. A ń sun ìkòkò kí omi má baà tú u. Ilé kò ṣeé sun. Nítorí náà ni a fi ń fi òrùlé àti rírẹ́ dáàbò bò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ọ́. A óò mọ ìpele kan yípo gbogbo ilé, a óò sì dúró kí ó gbẹ kí á tó gbé ìkejì lé e. Ìdúró yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun gan-an ni ó ṣòro jù fún àwa ènìyàn òde òní. Nígbà tí ògiri bá pé, òrùlé rẹ̀ yóò yọ etí jáde púpọ̀, kí òjò lè jábọ́ jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ń rò pé ìjókòó àti ìtàkúrọ̀sọ nìkan ni a ṣe é fún, agboòrùn ògiri ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń tún ara ògiri rẹ́, tí wọ́n ń fi amọ̀ dáradára àti imí màlúù pa ilẹ̀ kí ó lè le kí ó sì dán.

Koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbòdògì tí wọ́n fi ń bo ilé kì í pẹ́ títí. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi í sínú ètò. Ẹ wo ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, èyí tí Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Láyé àtijọ́, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń kó koríko yìí wá sí ààfin láti fi tún òrùlé rẹ̀ bò. Àwọn òpìtàn ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún yìí gẹ́gẹ́ bí ìsìn àti ìtẹríba fún ọba, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé bá wò ó, ohun mìíràn ni yóò rí: ìjọba kan tí ó mọ̀ pé òrùlé ààfin yóò gbó, tí ó sì ti dá ọjọ́ àtúnṣe rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mélòó nínú ilé ìjọba wa ni ó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí?

Páànù àti sìmẹ́ńtì ni ó yí gbogbo èyí padà. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà dé sí Èkó fi bíríkì àti ìrẹ́gíri tí ó dán kọ́ ilé tí ojú ń wò. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ní 1960, ohun tí ó jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò lágbára láti wó ilé alámọ̀ baba rẹ̀ kí ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà. Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìpalára ni. Amọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, ẹ̀wù náà yóò ya kúrò lára ògiri, yóò sì sán. Omi yóò gba ojú sísán wọlé, kò sì níí rí ọ̀nà jáde mọ́, nítorí sìmẹ́ńtì ti dí ihò tí amọ̀ fi ń mí. Ògiri á máa jẹrà nínú aṣọ rẹ̀. Ẹ lọ sí àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn, ẹ óò rí ilé tí ìrẹ́gíri rẹ̀ ṣì dúró tí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti dà lulẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀, amọ̀ ni kí ó fi tún un rẹ́, tàbí amọ̀ tí a pò mọ́ ẹfun ìkọ́lé díẹ̀, kí ó sì na etí òrùlé síwájú. Owó rẹ̀ kéré sí ti sìmẹ́ńtì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ilé búlọ́ọ̀kù, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Àwọn àgbà tún sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Itọ́ òde òní ni búlọ́ọ̀kù tí kò gba sìmẹ́ńtì tó. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílógíráàmù 50. Bí a bá pò ó mọ́ iyanrìn ní ìwọ̀n 1 sí 8, búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 tí a óò rí nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 25 sí 30. Àwọn kan ń gé ju 40 lọ nínú àpò kan náà, wọ́n sì ń tà á lọ́jọ́ kejì. Ẹ má ṣe fi ojú lásán ra búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Bí ó bá ń dà bíi ṣúgà, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé àyà, kí ẹ jẹ́ kí ó jábọ́ sórí ilẹ̀ lílẹ̀. Èyí tí ó bá fọ́ di iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Níhìn-ín ni ohun kan wà tí ó máa ń ya onílé lẹ́nu. Omi tí mo pè ní ọ̀tá yìí ni oúnjẹ sìmẹ́ńtì tuntun. Sìmẹ́ńtì kì í le nítorí pé ó gbẹ; ó ń le nítorí pé òun àti omi ń di ohun kan. Bí oòrùn bá fa omi náà jáde kí iṣẹ́ yìí tó parí, agbára rẹ̀ yóò dúró sí ìdajì ọ̀nà. Nítorí náà ó yẹ kí á máa wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù àti kọ̀ǹkéré tuntun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn onímọ̀ sì ń wọn agbára kọ̀ǹkéré. Ṣùgbọ́n omi tí a fi ń pò ó ńkọ́? Ìyẹn kò gbọdọ̀ pọ̀. Bíríkìlà fẹ́ràn kọ̀ǹkéré tí ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná nítorí pé kì í ni ọwọ́ lára. Omi tí ó pọ̀ jù yẹn yóò gbẹ lọ ní ọjọ́ kan, yóò sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú dẹ́kìn. Bí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń da dẹ́kìn, korobá omi ni kí ẹ máa ṣọ́. Kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí káfíńtà yọ igi tí a fi tì í kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, bí ó ti wù kí ó fẹ́ fi igi náà ṣe iṣẹ́ níbòmíràn tó.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ irin àti kọ̀ǹkéré ni pé ibẹ̀ ni ikú wà. Irin inú kọ̀ǹkéré kì í dípẹtà níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹkéré bá bò ó dáadáa. Bí ìbòrí rẹ̀ bá tín-ín-rín, tàbí tí a bá fi iyanrìn etí òkun tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ pò ó, omi yóò dé ara irin. Irin tí ó bá dípẹtà a máa wú. Wíwú náà yóò la kọ̀ǹkéré, omi púpọ̀ sí i yóò sì wọlé. Bí ẹ bá rí ìlà pupa bí omi ìpẹtà lábẹ́ dẹ́kìn tàbí lára òpó, tí kọ̀ǹkéré sì ń já bọ́ ní èèpá, ẹ má ṣe fi ìrẹ́gíri bò ó. Ìwé ìkìlọ̀ ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ̀nà, 2019, ilé alájà kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní Èkó, ó sì pa àwọn ọmọ kéékèèké. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Belu, 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó lé ní 40 ènìyàn tí ó bá a lọ. N kò sọ pé omi ni ó wó àwọn ilé méjèèjì yìí. Ohun tí ń wó ilé pọ̀, ojúkòkòrò sì wà lára wọn. Mo mẹ́nu bà wọ́n kí á lè rántí pé bí ilé bá ń kìlọ̀, ènìyàn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé láìpariwo ni ó wá kàn. Ti ilẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù. Búlọ́ọ̀kù a máa fa omi sókè láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Ẹ óò rí i tí ọ̀dà ń ṣí ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta láti ilẹ̀, tí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ sì ń yọ lára ògiri. Ohun tí ó yẹ kí ó dí omi yìí lọ́nà ni ọ̀rá dúdú tí ó nípọn, èyí tí a ń tẹ́ sábẹ́ jámánì fúlọ́ọ̀ kí á tó da kọ̀ǹkéré rẹ̀, àti èyí tí a ń tẹ́ sórí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ kí ògiri tó gòkè. Owó ọ̀rá yìí kò tó owó ìlẹ̀kùn kan, síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú iṣẹ́ nígbà tí owó bá fẹ́ tán. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti ní àrùn yìí, kí ó má ṣe fi táìsì bò ó. Omi yóò kàn gun òkè táìsì ni. Kí ó kọ́kọ́ wo ìta. Ó yẹ kí ilẹ̀ ìta fi nǹkan bí ínṣì 6 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ, kí ó sì dà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ògiri. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iyanrìn òdòdó tí ìyàwó ilé kó ti ògiri ni ó ń bu omi fún un mu. A gbé iyanrìn kúrò, a la ojú àgbàrá, ògiri sì gbẹ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan.

Ti òrùlé rọrùn láti sọ. Àṣà kan gbòde báyìí, kí á gbé ògiri kọ̀ǹkéré ga yí òrùlé po kí páànù má baà hàn láti òpópónà. Párápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ó lẹ́wà, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Òrùlé àwọn baba wa ń da omi sóde. Èyí ń da omi sínú ojú gọ́tà kan láàárín ògiri ilé, ọwọ́ ewé máńgòrò kan ṣoṣo sì tó láti dí ẹnu páìpù rẹ̀. Nígbà tí ó bá dí, kò sí ibòmíràn tí omi yóò gbà bí kò ṣe orí àjà yàrá yín. Ẹni tí ó bá ti kọ́ irú rẹ̀, kí ó ṣe ihò àtúndà sí ara ògiri náà, ní ìsàlẹ̀ etí páànù, kí omi tí ó bá kún lè rí ọ̀nà sá jáde. Ẹni tí ó bá sì ra ilé àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, bí àwọn kan ní Bódìjà àti àwọn ẹ́sítéètì mìíràn láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí ó má ṣe gbà kí káfíńtà fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kí ó fọ́ ọ láti òkè. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìyà rẹ̀ sì lè pẹ́ ogún ọdún kí ó tó hàn. Kí wọ́n rin ín lómi, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odidi.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu kọ́ ni a ń bẹ̀rù. Sísán tín-ín-rín bí irun orí lára ìrẹ́gíri kò ju gbígbẹ lọ. Èyí tí ó ba ni lẹ́rù ni èyí tí ó dagun láti igun fèrèsé lọ sí ìsàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn, tí ó gba àárín búlọ́ọ̀kù kọjá. Ìpìlẹ̀ ni ó ń rìn níbẹ̀. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí òpin rẹ̀ lápá méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ wò ó fún òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí ó bá kọjá ìlà yín, ẹ wá ẹnjiníà, ẹ má ṣe wá oníọ̀dà.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa kànga àti sókàwéè pẹ̀lú, nítorí ìlera. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí mítà 30 wà láàárín méjèèjì. Pulọ́ọ̀tì kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100 kò ju mítà 30 àti díẹ̀ lọ. Èyí ni pé orí pulọ́ọ̀tì ni kànga ní láti wà, kí sókàwéè wà ní ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kò lè rí i ṣe. Ẹni tí ó rí i ṣe gan-an, ẹ jẹ́ kí ó yọjú wo òdìkejì ọgbà, kí ó mọ ibi tí aládùúgbò gbẹ́ tirẹ̀ sí.

Ní ti ẹni tí ó fẹ́ ra ilé, n kò níí sọ̀rọ̀ lórí ìwé ilẹ̀ àti ọmọ onílé. Agbẹjọ́rò ni ó ni ìyẹn. Ìmọ̀ràn tèmi kò ju kí ó má ṣe ra ilé ní ẹ̀ẹ̀rùn láì tíì rí i nínú òjò. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilé ní oṣù Ṣẹrẹ. Ọ̀dà tuntun, ilẹ̀ tí ó ń dán. Kò kíyè sí i pé wọ́n ti tún òpópónà ṣe lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, pé ojú ọ̀nà ti wá ga ju ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ lọ. Ní oṣù Òkúdu, àgbàrá gbogbo àdúgbò bá a jẹun alẹ́. Kò sí àtúnṣe tí ó kéré fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ dúró ní òpópónà kí ẹ wo ẹnu ọ̀nà: ṣé ẹ̀ ń gòkè wọlé ni, àbí ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀? Ẹ wo ògiri ọgbà àti ti aládùúgbò bóyá ìlà omi wà lára wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ń ta nǹkan ní ìkángun àdúgbò, nítorí òun kò ní ilé tà. Ní Ìbàdàn, ẹ béèrè ibi tí omi dé nígbà ìkún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Ògún, 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù kan náà ní 2011. Àwọn àgbà ṣì lè fi ọwọ́ hàn yín. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ orí sókè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo igi òrùlé bóyá ikán ti la ọ̀nà sí i, ẹ sì ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé náà bá jẹ́ alájà, ẹ san owó fún ẹnjiníà kí ó dán kọ̀ǹkéré rẹ̀ wò; ní Èkó, ìjọba ní ilé àyẹ̀wò fún ohun èlò ìkọ́lé.

Ó ku ilé ẹbí, èyí tí mo fi sí ìkẹyìn nítorí pé òun ni ó le jù. Ní Èkó, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilójó Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Kò sí ìlú kan nínú àwọn ìlú wa tí kò ní kékeré irú ilé bẹ́ẹ̀: gbogbo ọmọ ni ó ni ín, kò sí ọmọ tí ó ń tún un ṣe. Ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ sọ pé òun kò lè fi owó òun tún ilé gbogbo ẹbí ṣe. Ẹni tí ó wà ní Londonu sọ pé òun kò gbé ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ní àwíjàre. Láàárín àríyànjiyàn náà ni páànù kan ṣí, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ògiri, tí yàrá kan jìn, tí wọ́n tì í, tí yàrá kejì tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo ti rí tí ó ṣiṣẹ́ ní àwọn ẹbí mélòó kan kò ṣòro. Wọn kì í pín owó tí àwọn ayálégbé bá san kí wọ́n tó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ẹnì kan ni ó ń pa owó náà mọ́, ẹlòmíràn ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ kan ní oṣù Èrèlè, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, tí gbogbo àwọn tí ó bá wà nílé yóò jọ yí ilé náà ká: wọn yóò gbá gọ́tà, wọn yóò wo orí páànù, wọn yóò fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ògiri. Ẹbí kan tí mo mọ̀ a máa se ẹ̀wà ní ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọdé lè wá.